Ásíìdì Tó Bí Ọnà Tuntun ní Èkó

Bí a bá ń sọ ìtàn àwòrán títẹ̀ ní Nàìjíríà, a kò lè fo orúkọ Bruce Onobrakpeya. Agbarha-Otor ní ilẹ̀ Urhobo ni wọ́n ti bí i ní 1932, àmọ́ Èkó ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Láti 1963 títí di 1980, òun ni olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní St. Gregory's College, Ọbaléńdé.

Ó bá ìlànà nílẹ̀. Aina Onabolu, tó jà fitafita kí iṣẹ́ ọnà tó wọ àwọn ilé-ìwé Èkó, ti tẹnu mọ́ ọn pé ayàwòrán gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi ohun tó jìnnà hàn yàtọ̀ sí èyí tó wà nítòsí. Ní Zaria, Onobrakpeya, Yusuf Grillo, Uche Okeke, Demas Nwoko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi tiwọn kún un láti 1958: ẹ jẹ́ ká kọ́ ti òyìnbó, ká má sì gbàgbé ti ilé. Lẹ́yìn náà ni Ru van Rossem, ará Holland, wá kọ́ Onobrakpeya ní títẹ àwòrán ní Ìbàdàn àti Òṣogbo.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. A óò fi ìda bo awo síńkì, a óò fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sí i, a óò sì rì í sínú ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ṣí ni ásíìdì yóò jẹ. Ibẹ̀ ni yíǹkì yóò dúró sí. Ní 1967, Onobrakpeya ṣèèṣì lo hydrochloric acid, kì í ṣe nitric acid tó yẹ. Awo náà bàjẹ́. Dípò kó jù ú nù, ó fi gọ́ọ̀mù líle dí ojú ihò, ó fi yíǹkì pa á, ó sì tẹ bébà lé e. Ohun tó jìn lára awo yọ gọngọ lórí bébà, èèyàn lè fọwọ́ tọ àwòrán náà bí ẹni ń tọ ọnà ara ilẹ̀kùn. Ó sọ ọ́ ní plastograph.

Kò dúró níbẹ̀. Àwọn línò tó ti fi tẹ àwòrán tán, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó, ó kùn wọ́n bí idẹ, wọ́n sì di iṣẹ́ ọnà fúnra wọn. Irú ọgbọ́n yìí, kí á fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣọnà, kò ṣàjèjì sí Yorùbá: ní Abẹ́òkúta, àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà, wọ́n sì gé páànù pẹlẹbẹ ṣe bátànì.

Àwọn kan lè pe àṣìṣe ásíìdì yẹn ní oríire lásán. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ ló mọ̀ pé ohun tó bàjẹ́ ṣì ní ìwúlò, ọkàn tó fẹ́ràn eré ló sì ní sùúrù láti dán an wò. Láti 1998 ni Onobrakpeya ti ń kó àwọn ayàwòrán jọ sí Agbarha-Otor lọ́dọọdún fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ilé-ìwé Èkó náà fún ọmọ ní àyè láti ba nǹkan jẹ́, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí a ṣe ń tún un ṣe.