Ẹranko Tó Ń Gbé Ọtí: Ife Fàdákà àti Gíláàsì Àtijọ́ Ilẹ̀ Jámánì

Ife ìmutí tí wọ́n ṣe ní àwòrán ẹranko wà lára iṣẹ́ ọnà tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà àti àwọn tó ń fẹ́ gíláàsì ní ilẹ̀ Jámánì fi gbayì jù láàárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún sí ìkejìdínlógún. Bí a bá rí i lókèèrè, ère lásán ni: àgbọ̀nrín, òwìwí, ògòǹgò, kìnnìún, àparò. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá di orí ẹranko náà mú tó fà á, orí á yọ bí ọmọrí ìkòkò, ọtí á sì wà nínú ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi fàdákà ṣe tí wọ́n sì fi wúrà bò, ti ọba, ìjòyè àti olówó ni. Èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe wà fún ẹ̀fẹ̀ nílé ọtí. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì wà fún: kí wọ́n mú kí àwùjọ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì mú kí ẹni tó bá gbé wọn mu ọtí kọjá bó ṣe rò.

Idẹ ló ṣáájú

Kí fàdákà tó dé, idẹ ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Láti ọ̀rúndún kejìlá ni àwọn adàdẹ ìlú Magdeburg, Hildesheim àti agbègbè wọn ti ń ṣe ohun èlò omi ní àwòrán ẹranko, kìnnìún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Omi ìfọwọ́ ni wọ́n ń bù sínú rẹ̀, kì í ṣe ọtí. Àlùfáà a máa fi í fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ohun mímọ́ lórí pẹpẹ. Ìdílé ọlọ́lá náà a máa fi í fọwọ́ nídìí oúnjẹ, torí ìka ni gbogbo ènìyàn fi ń jẹun nígbà náà. Wọ́n á da omi sí i láti orí, á sì máa ṣàn jáde lẹ́nu tàbí ní igbá àyà. Ìrù tó yí padà sẹ́yìn, tàbí ejò abìyẹ́ kan tó bu kìnnìún náà jẹ ní ọrùn, ni wọ́n máa ń fi ṣe ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e.

Irú ohun èlò yìí wà ní ààfin Ọba Benin náà: ẹkùn onídẹ tí wọ́n fi ń bu omi sí Ọba lọ́wọ́, tí àwọn adàdẹ Benin fi ìda ṣe àwòṣe rẹ̀ kí wọ́n tó dà á. Okùn mìíràn tún so Jámánì àti Benin pọ̀. Ní ọdún 1548, ilé iṣẹ́ àwọn Fugger, olówó ìlú Augsburg, ṣe àdéhùn pẹ̀lú ọba Pọtogí láti pèsè ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ tí wọ́n ń ná bí owó ní etíkun Guinea. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2023 sì fi hàn pé idẹ agbègbè odò Rhine ní Jámánì, tó wá ní irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n yọ́ dá ọ̀pọ̀ ère Benin.

Augsburg àti Nuremberg

Jámánì ìgbà náà kò tíì di orílẹ̀-èdè kan. Àwọn ọmọ ọba àti ìlú tó dá dúró ló pín in mọ́wọ́. Nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, Augsburg àti Nuremberg ló gba iwájú nídìí iṣẹ́ fàdákà. Òkè Saxony ní Freiberg àti Annaberg, àti òkè Schwaz ní Tyrol, ni wọ́n ti ń wa fàdákà. Àwọn oníṣòwò ìlú méjèèjì ló sì di ọjà náà mú. Fàdákà gidi rọ̀ jù fún ife, nítorí náà wọ́n ń pò ó mọ́ bàbà. Ìdá 16 ni wọ́n máa ń pín àpòpọ̀ náà sí, ìdá 13 tàbí 14 nínú rẹ̀ á sì jẹ́ fàdákà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, aláyẹ̀wò ìlú á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn: èso igi páìnì fún Augsburg, lẹ́tà N fún Nuremberg. Òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ tó ṣe é á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ní Nuremberg, ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ di ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ife kan ní àwòrán òdòdó, òrùka wúrà olókùúta iyebíye, àti òǹtẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ àmì sí.

Ara ẹranko ni wọ́n ń fi òòlù lù jáde láti inú awẹ́ fàdákà pẹlẹbẹ. Ìwo àti ẹsẹ̀, dídà ni wọ́n ń dà wọ́n. Irun tàbí ìyẹ́ ni iṣẹ́ tó ń gba sùúrù jù, torí ṣóńṣó irin kékeré ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí orí ti pàdé ọrùn ni ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ ti ń hàn: wọ́n á fi ẹ̀gbà ọrùn, ṣéènì tàbí gọ̀gọ̀ kìnnìún bo ojú ìsopọ̀ náà, kí ẹni tí kò mọ̀ má baà fura. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á po wúrà mọ́ mákúrì, irin olómi tó ń dán, wọ́n á fi pa á lára, wọ́n á sì yan án lórí iná títí mákúrì á fi gbẹ tí wúrà nìkan á sì kù. Májèlé ni èéfín yẹn, àwọn oníṣẹ́ ló sì ń fà á símú.

Wenzel Jamnitzer, ọmọ Vienna tó di ará Nuremberg ní ọdún 1534, gba ọ̀nà mìíràn. Alángbá tòótọ́, kòkòrò tòótọ́ àti koríko tòótọ́ ni òun fi ṣe àwòṣe. Á fi amọ̀ kíkúnná bo òkú alángbá náà, á sun ún títí alángbá á fi di eérú nínú amọ̀, á gbọn eérú náà dànù, á sì da fàdákà sí ipò rẹ̀. Gbogbo ìpẹ́ ara rẹ̀ ló máa ń hàn. Johann Neudörfer, tó kọ ìtàn àwọn oníṣẹ́ ọnà Nuremberg ní ọdún 1547, sọ pé koríko àti ewé fàdákà Jamnitzer fẹ́lẹ́ débi pé bí èèyàn bá mí sí wọn, wọ́n á mì. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Christoph Jamnitzer, ló ṣe erin ogun kan ní nǹkan bí ọdún 1600, tó wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Kunstgewerbemuseum ní Berlin.

Òkun náà mú nǹkan wá. Àgbọn, ìkarahun inú omi àti ẹyin ògòǹgò ń dé Yúróòpù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n débi pé fàdákà nìkan ló yẹ wọ́n. Elias Geyer, alágbẹ̀dẹ ìlú Leipzig, lo ẹyin ògòǹgò gidi bí ikùn ẹyẹ náà, ó sì fi fàdákà ṣe ọrùn, ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé àkójọ ìṣúra Grünes Gewölbe ní Dresden. Púpọ̀ nínú àwọn ògòǹgò yìí ló gbé bàtà irin ẹṣin sẹ́nu, torí àwọn ará ìgbà náà gbà pé ògòǹgò máa ń jẹ irin, ó sì ń dà nínú rẹ̀. Friedrich Hillebrandt ti Nuremberg ní tirẹ̀ gé inú ìkarahun tó ń dán sí wẹ́wẹ́, ó sì tò wọ́n bí ìyẹ́ sára àparò kan. Àparò náà wà ní British Museum nínú àwọn ohun tí Ferdinand Rothschild fi sílẹ̀ fún ilé náà ní ọdún 1898.

Àgbọ̀nrín tó ń rìn lórí tábìlì

Èyí tó lókìkí jù ni Diana lórí àgbọ̀nrín. Diana ni òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù, bí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ṣe jẹ́ tiwa. Ọ̀kan tí Joachim Friess ṣe ní Augsburg ní nǹkan bí ọdún 1620 wà ní Metropolitan Museum of Art ní New York, láti ara àwọn ohun tí J. Pierpont Morgan kó jọ. Kò ga tó 40 sẹ̀ńtímítà. Àgbọ̀nrín náà gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, òrìṣà jókòó sí i lẹ́yìn, ajá ọdẹ kéékèèké sì wà lábẹ́ wọn.

Ẹ̀rọ bíi ti aago wà nínú ìdí rẹ̀. Onílé á fi kọ́kọ́rọ́ wáìn ín, á gbé e sórí tábìlì, àwọn táyà kékeré tó fara pamọ́ nísàlẹ̀ á sì máa gbé e lọ síwá sẹ́yìn láàárín àwọn abọ́ oúnjẹ. Iwájú ẹni tó bá dúró sí, oníyẹn ni yóò yọ orí àgbọ̀nrín, tí yóò sì mu ọtí inú rẹ̀ tán pátá. Kò sí àwáwí. Matthäus Walbaum àti àwọn alágbẹ̀dẹ Augsburg mìíràn náà ṣe tiwọn, torí àwọn ọmọ ọba kò fẹ́ kí ti ẹlòmíràn wà kí tiwọn má sì sí.

Àwọn ẹgbẹ́ ní tiwọn fi ẹranko ṣe àmì iṣẹ́ wọn. Akọ màlúù yẹ ẹgbẹ́ alápatà. Òwìwí, tí wọ́n sábà máa ń fi àgbọn ṣe ikùn rẹ̀, jẹ́ ẹ̀bùn fún ẹni tó bá borí nínú ìdíje ọfà títa. Ohun tó fà á ni pé àwọn apẹyẹ máa ń so òwìwí mọ́lẹ̀ bí ìdẹ: àwọn ẹyẹ kéékèèké á wá dojú ìjà kọ ọ́, àtè á sì mú wọn.

Ajá gíláàsì

Gíláàsì kò gbówó lérí bẹ́ẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Spessart, Thuringia àti Bohemia, torí ibẹ̀ ni igi pọ̀ sí. Iyanrìn àti eérú igi ni wọ́n ń yọ́ pọ̀. Irin tó wà nínú iyanrìn náà ló ń sọ gíláàsì di àwọ̀ ewé, àwọ̀ yìí sì ni a fi ń dá gíláàsì inú igbó mọ̀ títí dòní.

Ajá ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ẹranko gíláàsì. Ẹni tó ń fẹ́ ẹ á fi ọ̀pá fẹ́ ikùn rẹ̀, á dà á dùbúlẹ̀, á kán gíláàsì gbígbóná mọ́ ọn fún ẹsẹ̀ mẹ́rin, á fi ẹ̀mú fa etí àti ìrù jáde kó tó tutù. Ẹnu ajá tó yà sílẹ̀ ni ẹnu ìgò, ibẹ̀ sì ni ògógóró ń gbà jáde. Wọ́n tún ṣe ẹlẹ́dẹ̀, béárì, bàtà àti ìbọn ìléwọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ṣeé mu láìda ọtí sára, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀. Ní Lauscha ní Thuringia, níbi tí Hans Greiner àti Christoph Müller ti dá iléeṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀ ní ọdún 1597, iṣẹ́ náà kò dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ ìlú náà ló wá ń ṣe ẹranko kékeré gíláàsì, àti ojú gíláàsì fún ọmọlángidi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ohun tó ṣẹ́ kù, àti àfarawé rẹ̀

Gíláàsì ń fọ́. Fàdákà ní tirẹ̀, owó ni. Nígbà Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, láti 1618 sí 1648, ọ̀pọ̀ ife ni wọ́n yọ́ di owó ẹyọ láti fi san owó ọmọ ogun. Ìdí nìyí tí ọ̀kan lára àkójọ tó pọ̀ jù fi wà ní Moscow, nínú Ilé Ohun Ìjà Kremlin: àwọn ikọ̀ ọba Sweden, Denmark àti Poland máa ń ra fàdákà Augsburg, Nuremberg àti Hamburg fún ọba Rọ́ṣíà, ìṣúra ọba sì tọ́jú wọn.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn olówó tuntun bíi ìdílé Rothschild ń wá ohun àtijọ́ kiri, àwọn alágbẹ̀dẹ Hanau, nítòsí Frankfurt, rí ọjà. J. D. Schleissner àti Neresheimer wà lára àwọn tó ń ṣe òwìwí, àgbọ̀nrín, ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ń ṣí, àti ẹja tí ara rẹ̀ ń tẹ̀ ní oríkèé. Ìgò wáìnì tí ara rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, tí orí rẹ̀ sì jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tàbí odídẹrẹ́ fàdákà, náà di àṣà. Àwọn alágbẹ̀dẹ Hanau kan lu òǹtẹ̀ tó jọ ti ìlú àtijọ́ mọ́ iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ olùrà sì ti gbé ti Hanau lọ sílé bíi ti Augsburg. Láti ìgbà tí òfin òǹtẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1888, oṣùpá, adé àti nọ́ńbà bíi 800 ni wọ́n ń lù mọ́ fàdákà. Òwìwí tí àmì wọ̀nyẹn wà nídìí rẹ̀ kò lè dàgbà ju ọdún yẹn lọ, ohun yòówù kí òǹtẹ̀ èso páìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn máa sọ.