Ọmọ Ogun Lórí Àkàbà Oyè Ìbàdàn: Ìgbésí Ayé Olúbàdàn Owólabí Ọlákùlẹ́hìn

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ìgbésí ayé ọkùnrin kan wò, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ológun títí ó fi dé ipò Mèjọ̀, tí ó sì jẹ Olúbàdàn kẹtàlélógójì. Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn ni ẹni náà. A bí i ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 1935. Ó gorí ìtẹ́ ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2024, ó sì wàjà ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2025. Kì í ṣe òun nìkan ni ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí ó tó dé adé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọba Rilwan Akiolu tí ó jẹ ní Èkó ní 2003 ti ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọba Adédọ̀tun Gbádébọ̀ tí ó di Aláké ní 2005 sì ti jẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ni Gbádébọ̀ ti Ẹ̀gbá. Ìdílé ni ó kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́, iṣẹ́ ológun kàn bu iyì kún un ni. Ní Ìbàdàn, kò sí ìdílé ọba. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ Ọlákùlẹ́hìn gba àròjinlẹ̀ ni pé ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó, tí orúkọ oyè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ ogun tán, kò ka ipò tí ó ní nínú iṣẹ́ ogun sí rárá.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí oyè náà ti bẹ̀rẹ̀. Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn ìparun Òwu. Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni wọ́n pàdé níbẹ̀. Nítorí èyí, a kò lè bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ọmọ ọba wo ni. Ohun tí a ń béèrè ni iye ọmọ ogun tí ó lè kó jáde, àti ohun tí ojú ogun rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúnmọ́lá ti Fẹ́sù wá, Látòósà ti Ìlọrà wá. Àwọn méjèèjì di olórí ìlú. Òdérìnlọ́ ni Balógun tí ó lé Ìlọrin sẹ́yìn ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Ìbíkúnlé ni Balógun nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 dé 1862. Àwọn oyè kéékèèké pàápàá ń sọ iṣẹ́ tí ẹni tí ó jẹ wọ́n ń ṣe: Ààrẹ Oníbọn ń bójú tó ìbọn, Ààrẹ Alásà ń bójú tó asà, Ààrẹ Àgọ́ ń bójú tó ibùdó. Ẹni tí ó bá ṣe dáadáa lè fo àwọn ẹlòmíràn kọjá. Ẹni tí ó bá sì kó ojora bá ìlú lè pàdánù gbogbo rẹ̀, àti orí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní 1893, Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ogun Kírìjì parí, Captain Bower sì dé gẹ́gẹ́ bí Résídẹ́ǹtì. Iṣẹ́ tán, orúkọ kò tán. Bí kò ti sí ogun mọ́ tí a lè fi dán ènìyàn wò, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ orí oyè wọ̀n wọ́n. Ní 1936 a pa orúkọ Baálẹ̀ dà sí Olúbàdàn. Ọ̀nà méjì tí ó ń lọ sí orí ìtẹ́, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, di èyí tí ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́gàjí agbolé ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò di Jagun, yóò sì máa gun àkàbà tí ó lé ní ogún àtẹ̀gùn. Ikú ẹni tí ó wà lókè ni ó ń sún un sókè.

Ọdún 1970, ọdún tí ogun abẹ́lé parí, ni Ọlákùlẹ́hìn wọ iṣẹ́ ológun. Ó fẹ̀yìntì ní 1979 gẹ́gẹ́ bí Mèjọ̀, ọdún kan náà tí àwọn ológun gbé ìjọba fún Shehu Shagari. Gbogbo ìgbà tí ó fi wà nínú iṣẹ́ náà, ológun ni gómìnà, àṣẹ gómìnà ni a sì fi ń jẹ ọba. Àwọn tí ń jẹ́ oyè ìbọn àti asà wá ń wo ojú àwọn tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn gan-an. Lẹ́yìn èyí ó ṣe òṣèlú díẹ̀, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní abẹ́ ẹgbẹ́ SDP kí Abacha tó tú u ká ní 1993.

Nínú bárékè, ìdánwò àti iṣẹ́ ṣíṣe ni ó ń gbé ènìyàn ga, bí ọjọ́ bá sì tó, yóò fẹ̀yìntì dandan. Lórí àkàbà Ìbàdàn kò sí ìdánwò, kò sì sí ìfẹ̀yìntì. Ní èrò tiwa, bárékè òde òní ni ó jọ Ìbàdàn ayé Ìbíkúnlé, kì í ṣe àkàbà oyè. Balógun kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun ní tòótọ́ ní láti dúró bí ẹni tí kò gbé ìbọn rí. A kò sọ èyí láti bu ètò náà kù. Òun ni ó gba Ìbàdàn lọ́wọ́ ìjà àwọn ọmọ ọba tí ó ti tú ìlú mìíràn ká. Ṣùgbọ́n ó ní iye tí a ń san.

Wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe ní 2017, nígbà tí Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi fi adé lé orí àwọn àgbà ìjòyè àti àwọn baálẹ̀ kan, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 21. Ọ̀pọ̀ gbà á. Rashidi Ladọja kọ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Bí ẹni pé a pe gbogbo Mèjọ̀ ní Jẹ́nẹ́rà, tí a sì ní kí olúkúlùkù dúró sí ipò rẹ̀! Adé kò sún ẹnikẹ́ni sókè lórí àkàbà.

Nígbà tí Olúbàdàn Lékan Balógun wàjà ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, Ọlákùlẹ́hìn ni Balógun, ipò sì kàn án. Àwọn kan ń ṣiyèméjì nípa ìlera rẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni ìtẹ́ sì fi ṣófo. Gómìnà Ṣèyí Mákindé gbé ọ̀pá àṣẹ fún un ní gbọ̀ngàn Màpó. Ẹni ọdún 89 ni. Ọdún márùndínláàádọ́ta ti kọjá tí ó ti bọ́ aṣọ ológun. Ó lo ọdún kan dín ọjọ́ márùn-ún lórí ìtẹ́, ó sì wàjà ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀nà Ọ̀tún ni ipò kàn lẹ́yìn rẹ̀, Ladọja sì ni Ọ̀tún Olúbàdàn. Ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025 ni a fi í jẹ, ọjọ́ kejì tí ó pé ẹni ọdún 81.