Títa Ínṣọ́ránsì Ọkọ̀ Akérò àti Akẹ́rù ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ́jẹ́ǹtì ínṣọ́ránsì ọkọ̀ ni ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì wá oníbàárà láàárín àwọn ọlọ́kọ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ń fún ní ọ̀yà lórí ohun tó bá tà. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ni oní-bọ́ọ̀sì àti onítakisí tó ń ná ọ̀nà ìlú méjèèjì, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, oní-típà, àti àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó kòkó, pákó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Òfin ló gbé iṣẹ́ náà dúró. Òfin ọdún 1945, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, ló sọ tádì pátì di dandan: ínṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá pa tàbí tó bá ṣe léṣe. Òfin ọdún 2003 fi ohun ìní tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kún un, kí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ní 2025. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlè 2025 ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá sì ti ní kí wọ́n máa yẹ ìwé ínṣọ́ránsì ọkọ̀ wò lójú pópó. Àṣẹ yìí mú kí ọjà yá, ṣùgbọ́n ó tún mú kí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ gbà pé ìwé tí àwọn fi ń kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá lásán ni. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọn ti ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́.

A kì í déédéé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé-àṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbani síṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ àti ìwé-ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Chartered Insurance Institute of Nigeria, kí NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ínṣọ́ránsì, tó fúnni ní ìwé-àṣẹ ẹ́jẹ́ǹtì.

Iye tí NAICOM gbé kalẹ̀ fún tádì pátì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, ni ₦100,000 fún ọkọ̀ ńlá tó ń gba owó kó ẹrù, ₦20,000 fún ọkọ̀ tí oníṣòwò fi ń kó ẹrù ara rẹ̀, ₦5,000 fún kẹ̀kẹ́ àti ₦3,000 fún ọ̀kadà. Bí ọ̀yà bá jẹ́ 12.5 nínú 100, bó ṣe sábà máa ń rí lórí ọkọ̀, ọkọ̀ ńlá kan á mú ₦12,500 wá, kẹ̀kẹ́ kan á mú ₦625. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi máa ń sáré lé tírélà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Tírélà tó ń gba Orè kọjá, Èkó tàbí Kánò ni olówó rẹ̀ sábà máa ń wà, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ra ìwé. Oní-típà tó ń gbé yanrìn káàkiri Àkúrẹ́ àti alágbàtà kòkó tó ní ọkọ̀ méjì ní Oǹdó sàn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí ó lè rí wọn lójúkojú, wọ́n sì lè rí òun náà.

Ìlà kan wà lára ìwé ínṣọ́ránsì tó yẹ kí ẹ́jẹ́ǹtì máa kà sókè fún oníbàárà: èyí tó sọ ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe. Ọ̀pọ̀ kábúkábú ló ń gbé èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ àdáni, torí pé ó rọrùn láti rà. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbókìtì ní Ọ̀wẹnà, níbi tí àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ń pàtẹ sí ẹ̀bá títì, ohun tí ilé-iṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè ni àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ àti bóyá wọ́n sanwó. Bó bá ti hàn pé èrò ni wọ́n, ilé-iṣẹ́ lè yọwọ́, kí gbèsè náà sì wọ ọlọ́kọ̀ lọ́rùn. Ẹ́jẹ́ǹtì tó mọ̀ pé kábúkábú ni, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àdáni, ìkà ló ṣe fún oníbàárà rẹ̀.

Ayédèrú ìwé ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí jù lọ. Àwọn tó ń bá èèyàn ṣe pátíkúlà ọkọ̀ lè kó o wá mọ́ ìyókù, kí ọlọ́kọ̀ má sì mọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, NIA, ní àkójọ tí wọ́n ń pè ní NIID, tí èèyàn lè fi *565*11# yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wò lórí fóònù. Kí ẹ́jẹ́ǹtì ṣe é lójú oníbàárà kó tó kúrò ní gáréèjì: bí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ìwé máa parí bá jáde, àríyànjiyàn ti tán.

Ọ̀rọ̀ owó àwìn náà ṣòro. Awakọ̀ tó ń jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́ á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Òfin kò gbà á: bí owó kò bá tíì wọlé, ààbò kò tíì bẹ̀rẹ̀. A lè bá a kó owó náà jọ bí alájọ, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé títí yóò fi pé, kò sí ohun tó dáàbò bò ó.

Kí ẹ́jẹ́ǹtì sì sọ fún oníbàárà pé tádì pátì kì í tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe. Comprehensive ló ń ṣe ìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì ₦6,000,000 á san ó kéré tán ₦300,000. Owó ńlá ni fún ẹni tó ṣì ń san gbèsè hàyá pọ́ṣéèsì, àmọ́ òun gan-an ló nílò rẹ̀ jù, torí bí ọkọ̀ bá run, gbèsè kò ní run.

Ọjọ́ ìjàǹbá ni a ń mọ ẹ́jẹ́ǹtì. Wọ́n lè ti gbé ẹni tó farapa lọ sí ilé ìwòsàn ìjàǹbá tó wà ní Laje, nílùú Oǹdó, kí awakọ̀ sì ti ń bá ẹbí rẹ̀ dúnàádúrà. Iṣẹ́ ẹ́jẹ́ǹtì ni láti dá a dúró kó má ṣèlérí owó kankan kí ilé-iṣẹ́ tó gbọ́, láti ya fọ́tò, láti rí i pé wọ́n gba ìwé ìròyìn ọlọ́pàá, kó sì kó ẹ̀dà láísẹ́ǹsì awakọ̀ àti iye tí mẹkáníìkì dá jọ. Gbogbo gáréèjì ló máa gbọ́ bí owó náà bá jáde, wọ́n á sì tètè gbọ́ bí kò bá jáde.

Òfin 2025 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ta ínṣọ́ránsì ọkọ̀ ní owó ìdókòwò tó tó ₦15 bílíọ̀nù ó kéré tán, nígbà tó jẹ́ ₦3 bílíọ̀nù tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yẹ kó bi ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á ni bóyá ó ti kúnjú òṣùwọ̀n yìí, kó tó bi wọ́n léèrè ọ̀yà.