Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́? Ìtàn The Allman Brothers Band, 1969 sí 2014

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé èmi tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹgbẹ́ onígìtá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni pé ojú agbo ni iṣẹ́ ọnà alohùn ń gbé, kì í ṣe inú ìwé. Mo fẹ́ wò ó bóyá òtítọ́ yìí dúró lẹ́yìn odi ilẹ̀ wa pẹ̀lú.

Ní Oṣù Kẹta ọdún 1969 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Jacksonville, ìpínlẹ̀ Florida. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó lọ sí Macon ní ìpínlẹ̀ Georgia. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n. Duane Allman àti Dickey Betts ń ta gìtá. Gregg, àbúrò Duane, ń kọrin, ó sì ń tẹ dùùrù. Berry Oakley ni ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Butch Trucks àti Jaimoe sì jẹ́ onílù. Jaimoe, tí ó ti lùlù fún Otis Redding rí, nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn. Ẹ rántí pé kò tíì pé ọdún 5 nígbà náà tí òfin 1964 fòpin sí yíya dúdú sọ́tọ̀ ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtura. Kí dúdú àti funfun jọ máa gbé, kí wọ́n sì jọ máa rìn káàkiri Gúúsù Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Orin búlúùsì àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Orin tí ó ṣíde àwo At Fillmore East, èyí tí a gbà sílẹ̀ ní New York ní Oṣù Kẹta ọdún 1971, ọ̀dọ̀ Blind Willie McTell, afọ́jú olórin Georgia, ni ó ti wá. 1928 ni òun ti gbà á sílẹ̀. Ẹ tún wo "Whipping Post" tí Gregg kọ. Nínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1969, bí ìṣẹ́jú 5 ni. Nínú àwo 1971, ó di bí ìṣẹ́jú 23. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kún un. Bí onígìtá kan bá dá ohùn sílẹ̀, èkejì a gbè é, àwọn onílù a sì gbà á lẹ́nu wọn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí ìyáàlù ṣe ń dárà nígbà tí omele ń dá tirẹ̀ lọ yóò mọ ohun tí mo ń wí. Kókó ni wọ́n mú ti ilé wá; ojú agbo ni wọ́n ti ń na án.

Ní ọjọ́ 29, Oṣù Kẹwàá, ọdún 1971, Duane kú nínú ìjàǹbá alùpùpù ní Macon. Ní ọjọ́ 11, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1972, irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí Oakley níbi tí kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 24 ni àwọn méjèèjì. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ kò tú. Lamar Williams, aláwọ̀ dúdú, gba ipò Oakley. Ní Oṣù Keje ọdún 1973, bí ènìyàn 600,000 péjọ sí Watkins Glen láti gbọ́ wọn pẹ̀lú Grateful Dead àti The Band.

Ohun tí ikú kò lè ṣe, ìjà ṣe é. Ní 1976, Gregg jẹ́rìí ta ko òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kan nílé ẹjọ́ lórí ọ̀ràn oògùn olóró. Inú bí àwọn yòókù, wọ́n sì tú ká. Wọ́n padà ní 1978, wọ́n tún tú ká ní 1982, wọ́n sì tún ìdí ẹgbẹ́ tò ní 1989. Ní 1999, Derek Trucks, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Butch, wọ ẹgbẹ́. Ọdún 1979 ni a bí i, lẹ́yìn tí Duane ti kú.

Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí bá ti Derek mu. Ṣùgbọ́n Betts kò kú ní ọdún 2000. Wọ́n yọ ọ́ ni. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, orin rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn tí ó yọ ọ́. Ta ni ó wá ni ẹgbẹ́? Tẹ́lẹ̀ rí, èmi a máa dáhùn pé ẹni tí ó bá ń ṣeré lójú agbo ni ó ni ín. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀ tán mọ́. Àṣà tiwa fàyè gba kí ẹlòmíràn gba eré ṣe, ṣùgbọ́n ó ní kí ó kọ́kọ́ júbà ẹni tí ó ti bá a. Ẹni tí a lé jáde, ìbà wo ni a jú fún un?

Ní ọjọ́ 28, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, wọ́n ṣe eré ìkẹyìn ní gbọ̀ngàn Beacon ní New York, níbi tí wọ́n ti ṣeré ní ìgbà tí ó lé ní 200. Eré náà kọjá ọ̀gànjọ́ bọ́ sí ọjọ́ 29, àyájọ́ ikú Duane. Butch àti Gregg kú ní 2017. Nígbà tí Betts náà kú ní 2024, Jaimoe nìkan ni ó ṣẹ́ kù nínú àwọn mẹ́fà ìpìlẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ̀kọ́ tiwa nìyí. Nígbà tí a bá gba ìjálá kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, tí a wá ń pè é ní ìjálá náà gan-an, eré ìṣẹ́jú 5 ni a tẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 23 ṣì wà lẹ́nu àwọn ọdẹ, wọ́n sì ń dàgbà. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀.