Ìkòkò Ọbẹ̀ àti Ìlera ní Ilẹ̀ Yewa

Ìlú púpọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn ni orúkọ wọn parí sí Orílẹ̀, Joga-Orílẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn agbègbè náà kò ní ka ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀ṣọ́ lásán. Orílẹ̀ ni ibi tí àwọn baba ti kọ́kọ́ tẹ̀dó. Nígbà tí ènìyàn bá sì ń pe ibì kan bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé ogun tàbí ìyọnu mìíràn ti tú wọn ká rí, tí àwọn kan padà wá, tí àwọn mìíràn sì jókòó sí ibi tí wọ́n sá dé. Ìtàn ogun wọ̀nyí ni àwọn òpìtàn kọ jù lọ nípa ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní ọdún 1995. Ìtàn ìkòkò ọbẹ̀ kò gba ojú ìwé púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò ni ogun kọ́kọ́ ń fọ́, òun náà sì ni ẹni tí ó bá padà sílé kọ́kọ́ ń wá.

Nígbà tí Clapperton àti Lander gba Àgbádárìgì wọlé ní ìparí ọdún 1825, ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni wọ́n gbà kọjá, wọ́n sì dé Ìjàǹnà, níbi tí aṣojú Aláàfin ń gbé láti máa mójú tó ọ̀nà òkun. Agbára Ọ̀yọ́ ṣì nà dé ibẹ̀ nígbà náà. Kò pẹ́ kò jìnnà, Ọ̀yọ́ fọ́, ọ̀nà náà sì di ti ẹni tí ó bá lágbára. Ní 1848 ogun Dàhòmì pa Òkè-Ọ̀dàn run. Ní 1862 ó kó Ìṣàgá. Ní 1886 ó tú Kétu ká. Àwọn Ẹ̀gbá pẹ̀lú kò jẹ́ kí ilẹ̀ náà sinmi, nítorí pé ọ̀nà òwò tí ó lọ sí etí òkun ni wọ́n ń wá.

Iṣu ni ọba oúnjẹ, ṣùgbọ́n iṣu kì í ṣe oúnjẹ ẹni tí ń sá. A ó kọ ebè fún un, a ó fi igi gbè é, a ó wá irúgbìn rẹ̀ pa mọ́ di ọdún tí ń bọ̀, a ó sì kó èyí tí a bá wà sínú abà níbi tí ọ̀tá lè rí i, kí ó kó o tàbí kí ó sun ún. Àgbàdo sàn díẹ̀, nítorí ó ń yá: ó ti ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá sí etí òkun Áfíríkà láti ìgbà àwọn Potogí, ó sì ti di ọmọ onílé pátápátá kí ogun tó dé. Ẹ̀gẹ́ ni ó yàtọ̀. Ẹ̀gẹ́, tí àwọn kan ń pè ní gbágùúdá, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́. Ẹni tí ó sá lọ lè padà wá wà á. Igi rẹ̀ lásán sì ni a ń gbìn, a kò fi ohun tí à bá jẹ ṣe irúgbìn.

Òótọ́ ni pé àwọn Potogí ni ó mú ẹ̀gẹ́ náà wá, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá dáadáa. Ohun tí William Jones kọ nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà, tí ó jáde ní 1959, ni pé kì í ṣe àìsí ohun ọ̀gbìn náà ni ó ń dá a dúró, bí kò ṣe àìmọ ọ̀nà tí a fi ń yọ oró inú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n padà bọ̀ láti Brazil àti Sàró ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó mú ìmọ̀ gàárì wá. Nígbà tí ọ̀nà rélùwéè sì yà láti Ìfọ́ lọ sí ìhà Ìlaròó ní nǹkan bí ọdún 1930, oúnjẹ oko ti rí ọ̀nà tí ó yá dé ọjà Èkó.

Ṣùgbọ́n láfún ni oúnjẹ tí a fi ń mọ ará Ẹ̀gbá àti ará Yewa, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ wo bí a ti ń ṣe é. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó gé e, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀. A ó yọ okùn inú rẹ̀ kúrò, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ táútáú, a ó gún un, a ó sì jọ̀ ọ́. Àwọn ìyá tí ó ń ṣe báyìí kò mọ orúkọ linamarin, èyí tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí sáyánáìdì ń ti ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wá rí lẹ́yìn. Bí ẹ̀gẹ́ ti ń rọ̀ nínú omi ni oró náà ń tú sílẹ̀; omi gbé apá kan lọ, oòrùn sì gbé ìyókù. Ẹni tí ó bá gé ọjọ́ rírẹ kúrú nítorí ọjà, oró ni ó gé sínú oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí wádìí àìsàn kan tí ó ń mú kí ẹsẹ̀ ènìyàn kú, kí ìrìn rẹ̀ máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí ojú rẹ̀ máa ṣókùnkùn, kí etí rẹ̀ sì máa di. Àwọn tálákà tí ó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ṣáá ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní Òṣòsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ó tẹ̀ lé àìsàn náà láti ilé dé ilé, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1969. Kókó tí ó tọ́ka sí ni pé ara lè pa sáyánáìdì díẹ̀ bí ó bá rí èròjà kan gbà lára ẹja, ẹran àti ẹyin. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ṣíṣàn ni kò rí i gbà. Nígbà tí àwọn mìíràn tún lọ wo Òṣòsà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, irú, ẹja yíyan àti ẹ̀wà tí àwọn àgbà ń wá mọ́ òkèlè kì í ṣe fún adùn nìkan.

Ọ̀rọ̀ ògì ṣòro jù ti láfún lọ, nítorí ọmọdé ni ó kàn. Ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, ni Dókítà Cicely Williams ti kọ ìwé ní 1933 nípa àìsàn kan tí ń mú ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú: ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ kì í sì í dùn. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gà fún un, kwashiorkor, èyí tí ó tọ́ka sí ọmọ tí àbúrò ti gba ipò rẹ̀. Ògì àgbàdo ni oúnjẹ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àgbàdo kí ó tó di ògì kò fara sin: nígbà tí a bá rẹ ẹ́, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì sẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ àti èèpo rẹ̀, tí èròjà tí ń mú ara dàgbà pọ̀ sí, bá eèrí lọ. Eèrí náà ni a ń dà fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ilé sì ń sanra.

Láàárín àwọn Yorùbá fúnra wọn, David Morley ti Ilé-Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tẹ̀ lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ọjọ́ ìbí wọn, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1957. Ibẹ̀ ni ìwé ìwọ̀n tí ìyá ń gbé lọ́wọ́ ti gbòòrò, tí gbogbo ayé wá ń lò. Ní Òṣòdì, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1956 po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì. Ohun tí ó sún mọ́ ilé ìdáná jù lọ ni èyí tí wọ́n dán wò ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993: wọ́n po ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí a yan àti epo pupa díẹ̀ mọ́ ògì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹ̀kọ Ìlera. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín láti ilé bàbá rẹ̀ lè béèrè ohun tí ó tuntun níbẹ̀. Èyí tí ó tuntun ni pé ọmọ tí kò ní eyín ni wọ́n fi bọ́. Àgbàlagbà ti ń jẹ àdàlú, àkàrà àti ègbo ẹlẹ́wà tipẹ́, níbi tí ẹ̀wà ti ń pèsè ohun tí àgbàdo kò ní. Lójú àwọn ìyá kan, ẹ̀wà a máa wú ọmọ nínú, nítorí náà wọn kò fún un.

Ààlà pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú ìkòkò. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà tí ó pín Kétu kúrò lára Ìmẹ̀kọ, nígbà tí owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti ìkónisógun sì wúwo ní ìhà Faransé, àwọn Ọ̀họ̀rí, Kétu àti àwọn mìíràn wá sódì kejì, bí Anthony Asiwaju ọmọ Ìmẹ̀kọ ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1976. Ẹni tí ó sá kì í gbé oko dání. Ewé igbó àti ti ẹ̀yìn ilé ni ó ń jẹ kí ohun tí ó gbìn tó jinná: ẹ̀bọ́lọ̀, gbúre, yánrin, ọ̀dú, ewúro, tẹ̀tẹ̀. Epo pupa tí ó fi sè wọ́n ń ran ojú lọ́wọ́, àfi bí ó bá yọ́ ọ títí ó fi funfun; nígbà náà ohun tí ó ń ran ojú lọ́wọ́ ti jóná.

Ní ti ọjọ́ ogbó, ìwádìí kan tí Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ fi àwọn àgbà Ìdìkan ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, àìsàn Alzheimer ń mú 2.52 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún lọ́hùn-ún, 1.15 péré ni ní Ìbàdàn. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀fọ́ ni ó ṣe é. Ní 1997 ni ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínkugbé darí fún gbogbo Nàìjíríà ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àgbàlagbà 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ sì ti pọ̀ nínú ọbẹ̀ ju ti ìgbà irú lásán lọ.

Níbi tí kò bá sí àpáta, etí títì ọlọ́dà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá láfún sí báyìí. Ó ń yá gbẹ níbẹ̀, nítorí ọ̀dà ń gba oòrùn. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, eruku wọn sì ń bà lé e.