Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Ogun Bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu?

Ìtàn ogun Faransé àti Dàhómì tí a máa ń gbọ́ kì í gùn: ní ìdájí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1890, àwọn ọmọ ogun Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhómì, tobìnrin tọkùnrin, ya bo àwọn Faransé ní Kútọnu, ogun sì bẹ́. Ẹni tó bá ń wo ère ajagunbìnrin tó ga tó mítà 30, èyí tí wọ́n ṣí ní Kútọnu ní oṣù Keje ọdún 2022, ìtàn yẹn náà ló máa tètè sọ sí i lọ́kàn. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ logun ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, ọ̀gágun Faransé kan, Terrillon, ti fi nǹkan bí 360 ọmọ ogun, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Sẹ̀nẹ̀gà àti Gàbọ́ọ̀nù, gba ìlú náà. Wọ́n mú àwọn ìjòyè Àgbómẹ̀ tó wà níbẹ̀, wọ́n sì fi ìtì igi mọ odi yí ara wọn ká. Bí àlejò bá wọlé, tó de onílé mọ́lẹ̀, ṣé ọjọ́ tí ọmọ onílé fa àdá yọ la ó ní ìjà bẹ̀rẹ̀?

Àwọn kan á ní Faransé kì í ṣe àlejò, pé àdéhùn ọdún 1868 àti 1878 ti fi Kútọnu lé wọn lọ́wọ́. Àgbómẹ̀ ò fìgbà kan gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Jean Bayol, aṣojú Faransé, gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ààfin Glele, ọba Dàhómì, ní ìparí ọdún 1889, wọ́n sọ ọ́ fún un pé kò sí ìjòyè etíkun kan tó láṣẹ láti fi ilẹ̀ ọba tọrẹ. Glele wàjà ní ìparí ọdún yẹn, Béhanzin gorí ìtẹ́, ọ̀rọ̀ ò sì yí padà.

Mi ò sọ pé ọwọ́ Àgbómẹ̀ mọ́: ní 1889 kan náà, wọ́n ti kọlu àwọn abúlé Ọba Tòfa ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹni tí Faransé ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdéhùn Ouidah, tí wọ́n fi parí ìjà náà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1890. Faransé gbà láti máa san 20,000 fráǹkì lọ́dọọdún fún Béhanzin nítorí Kútọnu. Ta ní í sanwó ọdọọdún lórí ilẹ̀ tó ti di tirẹ̀ láti ọdún 22 sẹ́yìn?

Bí àwọn òpìtàn ṣe ń ka ogun náà ní ẹ̀ẹ̀kíní (1890) àti ẹ̀ẹ̀kejì (1892 sí 1894) tún da ọ̀rọ̀ rú. Ó mú kó dà bíi pé ohun gbogbo ti tòrò kí àwọn ọmọ ogun Dàhómì tó yìnbọn sí ọkọ̀ ojú omi Topaze, tó gbé Victor Ballot, aṣojú ìjọba Faransé, lórí odò Ouémé ní oṣù Kẹta ọdún 1892. Dodds, ọ̀gágun Faransé, wọ Àgbómẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, òfin ti jáde ní Faransé fún àmì ẹ̀yẹ "expédition du Dahomey". Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí Béhanzin ṣì wà nínú igbó. Oṣù Kìíní ọdún 1894 ló tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Lóde òní, ìjà ìdáàbòbò ilẹ̀ baba ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè é. Ìyẹn dára jù ti àmì ẹ̀yẹ lọ, àmọ́ baba ta ni? Dàhómì ló fọ́ Kétu, ìlú Yorùbá, ní 1886, tó kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Àwọn tó gba ìdáǹdè lẹ́yìn tí Àgbómẹ̀ ṣubú, tí wọ́n padà lọ tún ìlú wọn tẹ̀ dó, ogun tiwọn ti jà tipẹ́.

Àwọn baba wa kì í ka ogun ní oókan eéjì. Wọ́n ní Ogun Ìjàyè, wọ́n ní Jálumi, wọ́n ní Kírìjì. Èmi ìbá pe èyí ní Ogun Kútọnu, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni Kútọnu ló gbé e dìde. Orúkọ náà ò sọ ẹni tó jàre, ará Àgbómẹ̀, ará Àjàṣẹ́ àti ará Kétu sì lè jọ pè é. Ẹni tó bá wá fẹ́ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé, kó kọ ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1890.