Ìṣètò ọkọ̀ nínú eré fídíò ìje

Ìṣètò ọkọ̀ nínú eré fídíò ìje ni yíyí àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ padà, bí i afẹ́fẹ́ táyà, sípíríǹgì, bíréèkì, jíà àti ìyẹ́, kí ọkọ̀ náà lè bá pápá ìje àti ọwọ́ ẹni tí ó ń wà á mu. Kì í ṣe gbogbo eré fídíò ìje ni ó fi ààyè sílẹ̀ fún un. Inú àwọn tí wọ́n ń fara wé ọkọ̀ gidi ni ó wọ́pọ̀ sí jù. Ìṣètò tí ó dára kò fi dandan jẹ́ èyí tí ó yára jù lọ fún ìyípo kan ṣoṣo. Èyí tí awakọ̀ lè wà láìfi ọkọ̀ ṣubú sínú koríko títí ìje yóò fi parí ni.

Ìtàn

Pole Position, tí Namco gbé jáde ní ọdún 1982, kò ní ìṣètò kankan: jíà méjì péré ni ọkọ̀ inú rẹ̀ ní, iṣẹ́ awakọ̀ kò sì ju kí ó sáré, kí ó dẹwọ́, kí ó sì yà. Ní ọdún 1989, ilé iṣẹ́ Papyrus gbé Indianapolis 500: The Simulation jáde, níbi tí eléré ti lè yí táyà, ìyẹ́, ṣọ́ọ̀kì àti jíà padà kí ó tó jáde sí pápá. Grand Prix 2, iṣẹ́ Geoff Crammond, tẹ̀ lé e ní ọdún 1996. Gran Turismo ti Polyphony Digital, tí Kazunori Yamauchi darí, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ọdún 1997. Nínú eré náà, eléré ní láti fi owó tí ó jẹ nínú ìje ra jíà tàbí ṣọ́ọ̀kì tí ó ṣeé yí padà kí ó tó lè fọwọ́ kàn án. Lára àwọn tí wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀ ni iRacing (2008), Assetto Corsa (2014) àti Assetto Corsa Competizione (2019).

Àwọn ohun tí a ń yí padà

Táyà ni ìpìlẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni ó kan ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, àárín táyà nìkan ni yóò máa di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ yóò sì máa yọ̀. Bí ó bá kéré jù, táyà yóò máa rọ̀, sítíárì kò sì ní tètè jẹ́ ìpè. Ìwọ̀n tí ó ṣe pàtàkì ni ti ìgbà tí táyà bá ti gbóná, kì í ṣe ti ìgbà tí ọkọ̀ wà ní gáréèjì, nítorí pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ a máa lọ sókè bí táyà ti ń gbóná. Nínú eré tí ó ń ṣírò ojú ọjọ́, bí i Assetto Corsa Competizione, ìṣètò tí ó dára ní òwúrọ̀ tútù lè má wúlò mọ́ ní ọ̀sán gangan, ní pápá kan náà.

Ìyẹ́ ni ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bí a bá gbé e sókè, ọkọ̀ a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ní kọ́nà tí a ń fi eré gbà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò máa dì í lọ́wọ́ lójú ọ̀nà títọ́. Pápá Monaco, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 3.337, kún fún kọ́nà, ìyẹ́ púpọ̀ ni ó sì ń fẹ́. Monza ní Ítálì, tí ó jẹ́ kìlómítà 5.793, ń fẹ́ díẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dín ìyẹ́ kù dé òpin ní Monza yóò jèrè lójú ọ̀nà títọ́, yóò sì dá èrè náà padà ní kọ́nà Lesmo méjèèjì, ní Ascari àti ní Parabolica. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní tètè lè dúró ní kọ́nà àkọ́kọ́, níbi tí a ti ń fi bíréèkì pa eré ńlá.

Sípíríǹgì líle ń mú kí ọkọ̀ dáhùn kíákíá, ṣùgbọ́n ó ń fò lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Nordschleife ní Jámánì, tí ó gùn ní kìlómítà 20.832, ni ó ń fi èyí hàn jù lọ: ilẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun, ọkọ̀ tí a tò sílẹ̀ fún pápá títẹ́jú a sì máa fi ikùn gbálẹ̀ níbẹ̀. Epo pàápàá jẹ́ ara ìṣètò: lítà kan bẹntiróòlù wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 750, nítorí náà ọkọ̀ tí ó gbé lítà 100 kì í hu ìwà kan náà pẹ̀lú èyí tí ó gbé 10.

Wíwá ìṣètò tí ó dára

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ìṣètò tí eré náà fi sílẹ̀. Lára èyí tí Assetto Corsa Competizione pèsè ni ọ̀kan tí ó rọrùn láti wà àti ọ̀kan tí ó le koko. Kí awakọ̀ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ní láti kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà títí àkókò ìyípo rẹ̀ yóò fi súnmọ́ ara wọn. Ẹni tí ìyípo rẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan yàtọ̀ síra kò lè mọ̀ bóyá àtúnṣe tí ó fi ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá yára sí i ṣiṣẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ eléré ti ń kùnà: ọwọ́ wọn ni kò tíì dúró, wọ́n sì ń dá ọkọ̀ lẹ́bi.

Lẹ́yìn èyí, ohun kan ṣoṣo ni a ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. A ń wo irú àìsàn tí ọkọ̀ ní: ṣé iwájú rẹ̀ ni ó kọ̀ láti yà ni, àbí ìdí rẹ̀ ni ó ń gbá kúrò lọ́nà? A sì ń wo ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń wọ kọ́nà, ìpín bíréèkì láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Bí ó pọ̀ jù síwájú, táyà iwájú yóò dì, ọkọ̀ yóò sì lọ tààrà. Bí ó bá jẹ́ ní àárín kọ́nà, rírọ sípíríǹgì iwájú a máa ran iwájú lọ́wọ́, rírọ ti ẹ̀yìn a sì máa ran ìdí lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń jáde, ẹ̀rọ tí ń pín agbára ẹ́ńjìnì láàárín táyà òsì àti ọ̀tún ni a ń yẹ̀ wò. Àwọn eré kan ń jẹ́ kí a fi àwòrán ìlà wo ohun tí ọkọ̀ ṣe. Assetto Corsa Competizione lè gbé tirẹ̀ lọ sínú MoTeC, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹgbẹ́ ìje gidi náà ń lò.

Awuyewuye

Ọ̀pọ̀ eléré ń gba ìṣètò lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n yára jù wọ́n lọ. Èyí lè fi ọ̀nà hàn, ṣùgbọ́n gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò dà bí kó yẹni. Àwọn ògbóǹtarìgì sábà máa ń fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó máa rìn díẹ̀ kí iwájú lè tètè yà. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa yí po lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń dá a dúró. Àríyànjiyàn mìíràn dá lórí àwọn ìṣètò tí wọ́n ń lo àléébù inú ìṣirò eré, tí wọ́n yára lójú fídíò ṣùgbọ́n tí ẹlẹ́rọ gidi kankan kò jẹ́ lò.

Nítorí irú èyí, iRacing ní àwọn ìdíje tí gbogbo ọkọ̀ ti ń lo ìṣètò kan náà. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ sọ pé ó ń fi ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà hàn. Àwọn tí wọ́n takò ó sọ pé ìṣètò jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Nínú àwọn ìdíje wọ̀nyí pàápàá, awakọ̀ ṣì lè yí ìpín bíréèkì àwọn ọkọ̀ kan padà láti orí ìjókòó rẹ̀ bí ìje ti ń lọ.